Ajílẹ̀ ìjọba ń bá òwú rìn, òjò Kétu kò dúró dè é

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ sópin, irú ìròyìn kan wà tó sábà máa ń jáde láti Kútọnù: ìjọba ti fi owó sí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, owó àpò kan yóò wálẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ fọkàn balẹ̀. Àwa oníròyìn a gbé e jáde, a sì kọ iye owó tí wọ́n dá. Ohun tí a kì í sábà kọ ni ọjọ́ tí àpò náà yóò dé Kétu, Pọ́bẹ̀ tàbí Ṣábẹ̀. Nílé ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ṣẹ́ ìròyìn, wọ́n kọ́ wa láti máa béèrè pé “èló ni?” Àwọn ìyá wa tó ń ṣe oko ló ń bi wá pé “ìgbà wo ni?” Ìbéèrè tiwọn ló ṣòroó dáhùn jù, òun la sì fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ òjò bẹ̀rẹ̀. Ní Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Sàkẹ́tẹ́ títí dé Àjàṣẹ́, òjò méjì la ní lọ́dún. Àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta, ó sì ń bá wa lọ dé oṣù keje. Òjò á dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, àrọ̀kúrò á wá tẹ̀lé e láti oṣù kẹsàn-án wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Bí a bá gòkè dé Ṣábẹ̀, Ìdàáṣà àti Bàǹtẹ̀, ọ̀rọ̀ ń yí padà: òjò ń pẹ́ díẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìdáwọ́dúró oṣù kẹjọ náà sì lè má hàn rárá lọ́dún mìíràn. Bí a bá wá dé Banikoara àti Kandi lókè lọ́hùn-ún, òjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún dé oṣù kẹwàá. Oṣù kẹfà sí ìkeje ni wọ́n ń gbin òwú wọn.

Òwú yẹn lọ̀rọ̀ wà. Benin wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń kó òwú jáde jù ní Áfíríkà. Ní sáà 2020-2021, òwú tí àwọn àgbẹ̀ ká lé ní 700,000 tọ́ọ̀nù. Púpọ̀ nínú ajílẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ń já sílẹ̀ ní èbúté Kútọnù, òwú ló mú un wá. Ètò òwú ló mọ iye tí wọ́n fẹ́ rà, òun ló mọ ọjọ́ tó yẹ kí ó dé, òun ló sì ní ọ̀nà tí yóò fi gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ta òwú tán. Àgbàdo kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ajílẹ̀ àwa tí a ń gbin oúnjẹ sábà máa ń tẹ̀lé ti òwú lẹ́yìn ni. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá gbéra lọ sókè ní oṣù karùn-ún, kò pẹ́ fún ẹni tó ń gbin òwú ní Banikoara. Ẹni tó gbin àgbàdo sí Kétu ní ìparí oṣù kẹta ńkọ́?

Ẹ bá wa ka ọjọ́. Ká ní a gbin àgbàdo tí ń lo 90 ọjọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin. NPK, tí àwọn ará ilé wa ń pè ní ańgrẹ̀ àkọ́kọ́, yẹ kó wọlẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn àárín oṣù kẹrin. Yúríà yẹ kó tẹ̀lé e nígbà tí àgbàdo bá tó nǹkan bí 40 ọjọ́, kó tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ìyẹn ṣáájú àárín oṣù karùn-ún. Bí ó bá ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ tán, ohun tí àgbàdo yóò jẹ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ ná. Ní ìparí oṣù kẹfà, ó ti gbó. Ẹni tí àpò yúríà dé ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹfà, owó pọ́ọ́kú ló rà á lóòótọ́, àmọ́ àgbàdo rẹ̀ kò lè fi í ṣe ohunkóhun mọ́.

A kò gbọ́ èyí lẹ́nu ẹlòmíràn. Nílé tiwa gan-an, lọ́dún kan, a forúkọ sílẹ̀ ní àsìkò, a san owó, wọ́n ní ká máa retí. Nítorí pé a ń retí, a kò ra ìkankan lọ́jà. Ọjọ́ tí wọ́n pè wá pé ká wá gbé àpò wa, àwọn ọmọdé ti ń sun àgbàdo tútù jẹ ní oko. Ìyá wa wo àwọn àpò náà, ó ní kí a gbé wọn sínú yàrá títí di àrọ̀kúrò. A gbé e sílẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán. Òjò oṣù keje mú kí ilẹ̀ rin, yúríà náà fa omi mu, ó sì di òkúta. Òòlù la fi fọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣàlàyé rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí a ti ń gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé hẹ́kítà àgbàdo kan ń fẹ́ 200 kílò NPK àti 100 kílò yúríà, ìyẹn àpò mẹ́fà tó jẹ́ 50 kílò. Ká ní ìrànwọ́ ìjọba dín 5,000 séfà kù lórí àpò kan. Àpẹẹrẹ lásán la fi iye yìí ṣe. Èrè àgbẹ̀ jẹ́ 30,000 séfà. Bí ó bá gun zémíjàn lọ sí ilé ìkẹ́rùsí nígbà mẹ́ta kí wọ́n tó dá a lóhùn, tó sì ń ná 3,000 séfà ní àlọ àti àbọ̀, 9,000 ti lọ níbẹ̀. Ó ku 21,000. Bí pípẹ́ tí ajílẹ̀ náà pẹ́ bá wá mú kí àpò àgbàdo mẹ́ta péré dín nínú ohun tí ì bá ká, tí àpò kan sì jẹ́ 15,000 lọ́jà, 45,000 ni ó pàdánù. Lójú ìwé ìjọba, wọ́n ti ràn án lọ́wọ́. Lójú àpò ara rẹ̀, ó jẹ gbèsè.

Ìdí nìyí tí a fi rò pé iye owó tí wọ́n dá lé àpò kọ́ ni òdiwọ̀n ìrànwọ́. Ọjọ́ tó dé ni òdiwọ̀n.

Ibi tí a fi àgbègbè kọ̀ọ̀kan sí nínú ètò ìjọba tún dá kún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa àwọn CARDER àtijọ́ rẹ́, àjọ tí wọ́n ń pè ní ATDA ló ń mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ ní agbègbè méje. Kétu, Pọ́bẹ̀, Sàkẹ́tẹ́, Ìfọ̀nyìn àti Adja-Ouèrè wà nínú agbègbè kẹfà, tí ó jẹ́ ti Plateau nìkan. Èyí dára, nítorí òjò kan náà ló ń rọ̀ sí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Ṣábẹ̀, Ìdàáṣà, Bàǹtẹ̀ àti gbogbo Collines wà nínú agbègbè kẹrin, pẹ̀lú gúúsù Borgou àti Donga. Ẹni tó ń gbin iṣu àti àgbàdo ní Ṣábẹ̀ àti ẹni tó ń gbin òwú ní òkè Parakou wà lábẹ́ àjọ kan náà. Bí àjọ náà bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣe ìpínkiri, ẹnì kan nínú wọn ni yóò bọ́ sí ìgbà tí kò yẹ ẹ́. A mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lábúlé mọ èyí dáadáa. Àwọn kọ́ ló ń pàṣẹ ọkọ̀ akẹ́rù.

Ajílẹ̀ nìkan kọ́ ló ní ìṣòro ìgbà. Iye owó tí a ó ta ohun oko náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbin òwú sábà máa ń gbọ́ iye tí wọn yóò rà á kí iṣẹ́ oko tó wọra. Ní sáà 2022-2023 àti 2023-2024, 300 séfà ni wọ́n dá lé kílò òwú tó mọ́. Ó lè jókòó, kó ṣírò, kó sì pinnu iye hẹ́kítà tí yóò ro. Ẹni tó ń gbin sóyà ń gbìn ín ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, ìgbà tí ọjà bá fẹ́ ṣí lẹ́yìn ìkórè ló ń gbọ́ iye rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò tó ń ka ojú ewé yìí kò tíì gbàgbé oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má kó sóyà àti kajú tútù jáde mọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí wọ́n lè máa ṣe é nílé iṣẹ́ wa ní Glo-Djigbé. Èrò náà kò burú. A fẹ́ kí iṣẹ́ wà fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n igi kajú kì í ṣe ohun tí a ń hú lọ́dún kan láti gbin òmíràn. Ẹni tó gbin kajú sí Bàǹtẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ti ṣe ìpinnu tirẹ̀ tipẹ́ kí òfin tó jáde, kò sì sí bí ó ṣe lè yí i padà nígbà tí àwọn tó ń rà á bá dín kù.

Àwọn aládùúgbò wa ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní 2012, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àgbẹ̀, kí àgbẹ̀ lè mú un tọ oníṣòwò lọ, kí ó san apá kan, kí ìjọba san ìyókù. Tógò gba ọ̀nà tó jọ ọ́ ní 2016, wọ́n pè é ní AgriPME. Ní 2020, wọ́n tún mú ètò YoLim wá, tí ó jẹ́ ẹ̀yáwó ajílẹ̀ tí a ń gbà lórí fóònù. Àwọn ará wa Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé mọ̀ ọ́n. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń dúró kí ọkọ̀ ìjọba dé: bí ajílẹ̀ bá ti wà ní ilé ìtajà, àgbẹ̀ lè rà á lọ́jọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ bá rin. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé bí iṣẹ́ orí fóònù bá pẹ́, tàbí tí kò bá sí nẹ́tíwọ́kì ní oko, tàbí tí nọ́ńbà tí a fi sílẹ̀ bá jẹ́ ti ọmọ ẹni tó ti lọ sí Kútọnù, ibi kan náà la padà sí. Fóònù kò mú kí ìjọba tètè fọwọ́ sí ìwé. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bi wá, ọ̀nà yẹn la ó yàn, pẹ̀lú àdéhùn pé kí ẹni tí kò gbọ́ Faransé lè gbọ́ iṣẹ́ náà ní èdè rẹ̀.

A kò sì ní sọ pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan. Ní 2022, nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine, owó ajílẹ̀ fò sókè káàkiri ayé. Bí Benin àti Tógò kò bá fi owó sí i lọ́dún náà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni kò bá má lè fọwọ́ kàn án. Ní oṣù kẹta ọdún 2022 yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ yúríà Dangote ní Lẹ́kí, tí wọ́n kọ́ láti lè ṣe mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù lọ́dún. Lẹ́kí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́ tó Banikoara. Ṣùgbọ́n ààlà wà láàárín wa, a sì rántí ohun tí ààlà lè ṣe: láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, Nàìjíríà tì í pa.

Àwọn darandaran náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà dárúkọ wọn níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ajílẹ̀. Láti 2019 ni Benin ti ní òfin tó dá lórí ìdaran, òfin 2018-20, tó sọ nípa ọ̀nà màlúù, ibi omi, àti bí a ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ nígbà tí ẹran bá jẹ oko. Ní ìparí 2019, ìjọba tún ní kí màlúù láti òkèèrè má wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn màlúù ilẹ̀ wa níhìn-ín ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí koríko àti omi. Ṣábẹ̀, Ouèssè àti Kétu wà lójú ọ̀nà wọn.

Ẹ wò ó báyìí. Bí ajílẹ̀ bá pẹ́, àgbẹ̀ mìíràn á fi ìgbìn falẹ̀ títí yóò fi rí i. Ẹni tó yẹ kó gbin àrọ̀kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ó di ìparí oṣù náà kó tó gbìn ín. Ẹni tó yẹ kó ti kó sóyà tàbí òwú rẹ̀ kúrò lóko, ó ṣì ń ká a nígbà tí màlúù ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìparí ọdún. Darandaran rò pé oko ti ṣófo, pé pòròpórò ló kù. Àgbẹ̀ rí màlúù nínú iṣẹ́ oṣù mẹ́rin. A mọ ibi tí ó máa ń yọrí sí. A ti kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí èyí tí ó dùn ún kọ. Nígbà tí mẹ́rì àti àwọn olórí ìlú bá jókòó láti parí ìjà, àdá àti ọ̀pá ni wọ́n ń sọ. A kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ìdí tí ohun oko fi ṣì wà lóko ní ọjọ́ yẹn.

Darandaran tó ti ń gbé àárín wa pẹ́ náà ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ màlúù rẹ̀ ní ìgbà, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn sì ní ìgbà. Ewé ẹ̀pà àti ìtàkùn ẹ̀wà tí à ń jó níná lẹ́yìn ìkórè, owó ni lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kejì tí koríko bá gbẹ. Ní abúlé mìíràn, àgbẹ̀ àti darandaran ti ń ṣe àdéhùn: màlúù á wọ oko lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n jọ dá, á jẹ pòròpórò, á sì fi ìgbẹ́ sílẹ̀. Ìgbẹ́ màlúù yẹn, ajílẹ̀ ni òun náà, kò sì nílò ìwé ẹnikẹ́ni láti Kútọnù.

Kí wá ni ká ṣe ní sáà tó ń bọ̀? Èrò tiwa ni pé kí ẹ má ṣe fi ọjọ́ ìjọba ṣètò oko yín. Òjò ni kí ẹ fi ṣètò rẹ̀, kí ẹ wá wo ibi tí ìrànwọ́ lè bọ́ sí. Kí àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè etíkun wa máa ń pàdé, Météo-Bénin á sì kéde ohun tí wọ́n rí: ìgbà tí òjò lè bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò lọ, àti iye ọjọ́ tó lè fi dáwọ́ dúró láàárín. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wúlò jù fún wa. Bí wọ́n bá ní ìdáwọ́dúró lè gùn lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ẹ má ṣe gbin gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní kí rédíò àdúgbò yín kà á ní Yorùbá, nítorí Faransé ló sábà máa ń wà.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tí ìwé ìdánimọ̀ ANIP rẹ̀ kò bá tíì pé, oṣù kejìlá sàn fún un ju oṣù kẹta lọ. Ẹ̀yin obìnrin tó ń ya ilẹ̀ ro, ẹ rí i pé orúkọ tiyín ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́, kì í ṣe ti baálé tàbí ti onílẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni wọ́n ń pè. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó ìjọba, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Alafia tàbí òmíràn, kó kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí ìsanpadà yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kí àgbàdo tó gbó ni, owó ọjà ni kó fi ṣe, kó má fi kan oko.

Ajílẹ̀ tó bá dé lẹ́yìn àkọ́rọ̀, ẹ má ṣe wọ́n ọn sí àgbàdo tó ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ nítorí pé ẹ ti sanwó rẹ̀. Ẹ gbé e sórí pákó, kí ó má kan ilẹ̀, kí ó má kan ògiri, kí ẹ sì so ọ̀rá rẹ̀ pa títí di oṣù kẹsàn-án. A ti sọ ohun tí ojú wa rí. Bí ẹ bá sì fẹ́ lo yúríà, ẹ gbẹ́ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, kí ẹ bò ó. Èyí tí a bá wọ́n sórí ilẹ̀ nínú oòrùn ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí àpò tí ẹ rí kò bá tó, ìdérí ìgò bíà kan NPK fún ihò kan sàn ju kí a wọ́n ọn káàkiri lọ.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba kò pọ̀, kò sì ní ná wọn ní owó tuntun. Kí wọ́n kéde ọjọ́ pa pọ̀ mọ́ iye. Kí wọ́n ya ajílẹ̀ oúnjẹ ti gúúsù sọ́tọ̀ kúrò lára ti òwú, kí èyí tó kù láti sáà kan wà ní ilé ìkẹ́rùsí Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Ṣábẹ̀ kó tó di oṣù kejì. Kí wọ́n dá iye owó sóyà kí a tó gbìn ín.

Ní tiwa, iṣẹ́ kan la fẹ́ kí ẹ bá wa ṣe. Ní sáà tó ń bọ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ ọjọ́ mẹ́ta sínú ìwé: ọjọ́ tí òjò tí a lè gbìn sí kọ́kọ́ rọ̀, ọjọ́ tí ẹ sanwó ajílẹ̀, àti ọjọ́ tí àpò àkọ́kọ́ wọ abúlé yín. Ẹ̀yin darandaran, ẹ kọ ọjọ́ tí màlúù yín dé àti ọjọ́ tí ẹ bá oko tí wọn kò tíì ká. Bí sáà bá parí, a ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde níhìn-ín ní abúlé-abúlé, a ó sì mú un tọ àwọn tó ń pín in lọ.